Kí ló ń lé olùkọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kí ló sì ń dá àwọn tó kù dúró?

Igbákejì Ọ̀gá, Bwari

Mo kí gbogbo ilé o, mo kí àgbà, mo kí ọmọdé. Ilé-ìwé girama ìjọba kan ní agbègbè Bwari, ní Àbújá, ni mo ti jẹ́ igbákejì ọ̀gá, ọ̀rọ̀ tí mo sì gbé wá síwájú yín lónìí ti pẹ́ lọ́kàn mi. Àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wa kì í pẹ́ mọ́ kí wọ́n tó lọ. Wọ́n á dé pẹ̀lú ìtara, wọ́n á máa dúró kọ́ àwọn ọmọ lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti jáde, ṣùgbọ́n kó tó di ọdún kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ẹni tó ń kọ́ni ní ìṣirò ti lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù POS, ẹni tó ń kọ́ni ní físíìsì sì ti ń wá ìwé àṣẹ ìwọ̀lú òkèèrè. Ní sáà tó kọjá, kíláàsì SS2 wa wà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ láìsí olùkọ́ físíìsì, èmi tí mo kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀dá oníyè ni mo ń wọlé lọ jókòó tì wọ́n kí wọ́n má baà máa pariwo.

Ìṣòro yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní 2023, àjọ UNESCO sọ pé ayé yóò nílò olùkọ́ mílíọ̀nù 44 sí i títí di 2030, àti pé mílíọ̀nù 15 nínú wọn jẹ́ ti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Wọ́n tún sọ pé ìdá àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọọdún káàkiri àgbáyé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì láàárín 2015 sí 2022, láti nǹkan bíi 4.6 nínú ọgọ́rùn-ún sí 9. Ìyẹn ni pé bí ìjọba tilẹ̀ ń gba olùkọ́ tuntun lójoojúmọ́, apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi ń gbomi bí àwọn tó wà nílé-ìwé kò bá rí ìdí láti dúró.

Ìbéèrè mi ni pé kí ni ó ń lé wọn lọ gan-an? Èmi kò gbà pé owó nìkan ni. Mo sì fẹ́ mọ ohun tí irú wa tí kò ní àṣẹ lórí owó oṣù lè ṣe nínú ilé-ìwé tiwa.

Tíṣà Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Mararaba

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dúró lórí owó dáadáa kí ẹ tó gbé e sẹ́yìn. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ààrẹ fọwọ́ sí òfin owó oṣù tó kéré jù lọ, 70,000 náírà, ní oṣù Keje 2024. Àwa olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Àbújá, tí owó oṣù wa so mọ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò rí i gbà, títí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, NUT, fi kéde ìyanṣẹ́lódì ní 2025, tó gba ohun tó lé ní oṣù mẹ́ta. Àwọn ọmọ tálákà jókòó sílé, àwọn ọmọ tí òbí wọn lówó ń kàwé lọ ní tiwọn. Inú olùkọ́ wo ni yóò dùn sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Àwọn kan nínú wa kò padà wá nígbà tí a ṣí ilé-ìwé, nítorí pé láàárín oṣù wọ̀nyẹn ni wọ́n rí i pé tòmátì títà ń mówó wọlé ju kíkọ́ni lọ.

Ẹ tún wo ti ìrìn. Agbára mi kò ká ilé inú Àbújá, ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbé ní Mararaba, ní ìpínlẹ̀ Nasarawa, tí mo sì ń ṣiṣẹ́ ní apá Lugbe. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, owó ọkọ̀ ti di ẹrù. Kí wọ́n tó pe ìrun àárọ̀ ni mo ti máa ń wà ní ibùdókọ̀, a ó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Nyanya títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ kedere, tí mo bá sì pẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀, wọn yóò ti fi bírò pupa fàlà sábẹ́ orúkọ àwọn tó dé lásìkò nínú ìwé, kí orúkọ tèmi lè wà nísàlẹ̀ ìlà. Kò sí ẹni tó bi mí rí pé ibo ni mo ti ń bọ̀. Mo máa ń ti rẹ̀ tẹnutẹnu kí n tó sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n dìde kí mi. Nítorí náà, bí a bá ń sọ̀rọ̀ àlàáfíà olùkọ́, orí owó ọkọ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Agbani-nímọ̀ràn, Gwagwalada

Òótọ́ ni Ìyáàfin sọ, n kò ní bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Iṣẹ́ ìtọ́sọ́nà àti ìgbaninímọ̀ràn ni mo ń ṣe nílé-ìwé, àwọn olùkọ́ gan-an sì máa ń yà sí ọ́fíìsì mi ju àwọn ọmọ lọ, pàápàá nígbà ìsinmi ọ̀sán.

Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé irú àárẹ̀ kan tí ó ń ti ibi iṣẹ́ wá, tó máa ń dé bá ẹni tí wàhálà iṣẹ́ ti ń bá fínra fún ìgbà pípẹ́ láìsí àmójútó. Wọn kò pè é ní àìsàn, àmọ́ wọ́n dárúkọ àmì mẹ́ta. Èkíní ni pé agbára ènìyàn á tán pátápátá. Èkejì ni pé ọkàn rẹ̀ á kúrò lára iṣẹ́ náà, á máa fi ojú burúkú wò ó. Ẹ̀kẹta ni pé á bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé kò sí ohun tí òun ń ṣe tó já mọ́ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí èmi ṣe ń dá a mọ̀. Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kan wà nílé-ìwé wa tí ó máa ń kọ ìlà mẹ́ta mẹ́rin sábẹ́ àròkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan: ibi tó ti ṣe dáadáa, ibi tó yẹ kó tún ṣe. Nígbà tó yá, ó wá ku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan péré lábẹ́ àròkọ. Lẹ́yìn náà ó ku àmì máàkì lásán. Nígbà tó di pé ìwé ọgọ́ta ọmọ ń sùn lórí tábìlì rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, mo mọ̀ pé ó ti lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń fọwọ́ sí ìwé ìwọlé láràárọ̀. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa fẹ́ kí olùkọ́ girama kan ní akẹ́kọ̀ọ́ 40 nínú kíláàsì. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ iye tí a ń kà lójoojúmọ́.

Owó lè jẹ́ kí ẹni bẹ́ẹ̀ má tètè lọ. Kò lè dá ìlà mẹ́ta mẹ́rin wọ̀nyẹn padà fúnra rẹ̀.

Ẹni Tó Ti Kúrò, Karu

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè, ó sì dùn mí débi tí n kò fi lè dákẹ́. Mo kọ́ ìṣirò kí n tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Iná sólà ni mo ń tò sórí ilé onílé báyìí.

Kì í ṣe owó ló lé mi lọ, torí owó kò ì tí ì burú tó báyìí nígbà náà. Ọjọ́ kan ni alábẹ̀wò kan wọ kíláàsì mi nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, ó ní kí n mú àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ mi wá. Mo ti kọ ti ọ̀sẹ̀ náà, n kò kàn tíì dà á kọ sínú ìwé kejì tí wọ́n ní ká máa fi pa mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi lójú àwọn ọmọ JSS3, ó ní irú wa ló ń ba ẹ̀kọ́ jẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí, ó sì ju ìwé náà sórí tábìlì. Ọ̀gá mi dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò sọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá pe ọmọ kan pé kó dìde, á wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lójú ná kó tó dìde.

Mo ṣì fẹ́ràn kíkọ́ni. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìṣirò lọ́jọ́ Sátidé títí di òní, mi ò sì gba kọ́bọ̀. Ẹ má wulẹ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àwọn tó lọ kò nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ náà.

Olùkọ́ Ìgbèríko, Minna

Ẹ̀yin ará Àbújá, ẹ kú ìrírí. Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló ṣáájú. Àjọ Human Rights Watch kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn ní 2016 pé ó kéré tán, olùkọ́ 611 ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa ní ìlà-oòrùn àríwá láti 2009, tí olùkọ́ 19,000 sì sá kúrò. Ìyẹn ni ti Boko Haram. Nígbà tó kan ìpínlẹ̀ Niger tiwa, ènìyàn 42 ni wọ́n kó lọ ní ilé-ìwé ìjọba ní Kagara ní oṣù Kejì 2021, àwọn 12 nínú wọn sì jẹ́ ará ilé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé inú ọgbà. Ẹ rò ó wò. Ìyàwó olùkọ́ àti ọmọ olùkọ́, nítorí pé ọkọ tàbí bàbá wọn gbà láti ṣiṣẹ́ lábúlé. Ní oṣù Kọkànlá 2025 ni ti Papiri tún ṣẹlẹ̀, níbi tí ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni, CAN, ti ka àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 300 pẹ̀lú olùkọ́ 12 mọ́ àwọn tí wọ́n kó lọ.

Bí wọ́n bá ti gba àwọn ènìyàn sílẹ̀, àwọn ọmọ ni gbogbo ayé máa ń béèrè, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń béèrè olùkọ́? A ó kàn gba lẹ́tà pé ilé-ìwé ti ṣí padà. Bí ọ̀kadà mẹ́ta bá dún pọ̀ lẹ́yìn ògiri, gbogbo wa la ó dákẹ́, ọmọ àti olùkọ́, títí yóò fi kọjá lọ. Lọ́jọ́ àwọn olùkọ́ lágbàáyé ní 2020, Ààrẹ Buhari kéde owó oṣù àkànṣe fún olùkọ́ àti owó àjẹmọ́nú fún àwọn tó wà ní ìgbèríko. Èmi tí mo wà ní ìgbèríko kò tíì fi ojú kàn án nínú ìwé owó oṣù mi. Kí wọ́n tilẹ̀ tó san án, n bá fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ògiri yí ọgbà ilé-ìwé ká.

Bàbá Tíṣà, Kàdúná

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Mo ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àríwá yìí, bí olùkọ́ bá ń kọjá lọ, àwọn bàbá tó jókòó síwájú mọ́sálásí á dìde. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ọ̀run ni èrè olùkọ́ wà, àwa náà á sì rẹ́rìn-ín, nítorí pé èyí tí à ń gbà láyé ṣì ń tó wa jẹun.

Ní 2017, ìjọba ìpínlẹ̀ wa fi ìdánwò ọmọ kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dán àwọn olùkọ́ wò, wọ́n sì kéde pé àwọn 21,780 kò yege. Ní 2022 wọ́n tún lé àwọn 2,357 mìíràn nítorí ìdánwò. N kò ní purọ́, ẹni tí kò mọ ìwé kò gbọ́dọ̀ máa kọ́ ọmọ níwèé, àwọn kan sì wà tí wọ́n gba ẹ̀yìn wọlé. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ìwé ìdáhùn àwọn olùkọ́ wọ̀nyẹn di ohun tí wọ́n ń gbé kiri orí fóònù. Àwọn tó yege gan-an kò rójú gbé orí sókè ní àdúgbò, nítorí pé lójú àwọn òbí, olùkọ́ ni olùkọ́ ń jẹ́. Mo mọ àwọn tó yege tí wọ́n sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọdún yẹn.

Ní 2022 ni wọ́n sọ ọ́ di òfin pé olùkọ́ lè ṣiṣẹ́ títí yóò fi pé ọdún 65, tàbí títí yóò fi lo 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ohun rere ni. Àmọ́ àgbà ni òfin yẹn dá dúró. Ọmọ ọdún 28 tó ti sú kò ní torí rẹ̀ dúró.

Olùdásílẹ̀ Ilé-ìwé, Kubwa

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ti àwa tí a ní ilé-ìwé aládàáni náà. Òbí kì í san owó ilé-ìwé lásìkò, onílé kì í dúró, owó dísẹ́ẹ̀lì kì í dúró. Mo ti dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé orí lílo kọ̀ǹpútà, tó bá ti já fáfá tán, á gba iṣẹ́ ìjọba láàárín sáà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Láti oṣù Kejì 2023 tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ kí olùkọ́ tó gbàwé ní Nàìjíríà lè béèrè fún ìwé-àṣẹ ìkọ́ni lọ́dọ̀ wọn tààrà, àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì mi kò tún fọkàn balẹ̀ mọ́. Ohun tí mo lè ṣe ni mo ṣe: ọmọ olùkọ́ mi kì í san ju ìdajì owó lọ, mo sì ń san owó oṣù ní ọjọ́ kan náà lóṣooṣù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo máa ń yáwó kí n tó san án nígbà mìíràn.

Tíṣà Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Mararaba

Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ẹni tó ń sanwó lọ́jọ́ kan náà lóṣooṣù ti ṣe púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ yín tó pọ̀ kì í san owó oṣù Kẹjọ rárá, nítorí pé ọmọ wà ní ìsinmi. Ṣé olùkọ́ kì í jẹun ní oṣù Kẹjọ ni? Àbúrò mi obìnrin kọ́ni ní ilé-ìwé aládàáni kan. Nígbà tí ó lóyún, wọ́n ní kó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, kó padà wá bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ náà lẹ́yìn ìbímọ. Kò padà lọ, kò sì padà sídìí iṣẹ́ olùkọ́ mọ́. Òfin òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè wa sọ pé ọ̀sẹ̀ 12 ni ìsinmi ìbímọ, àti pé ẹni tó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba, ó kéré tán, ìdajì owó rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwa obìnrin tó ń kọ́ni mọ èyí dáadáa, torí àwa náà pọ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Olùdásílẹ̀ Ilé-ìwé, Kubwa

Mo gbọ́, Ìyáàfin. Èyí tí ẹ sọ nípa ìbímọ kò tọ́, n kò sì ní gbèjà ẹni tó ṣe é. Ti oṣù Kẹjọ, ìdajì ni èmi ń san. N ó bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sọ ọ́ nípàdé wa.

Igbákejì Ọ̀gá, Bwari

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ sọ ohun tó dun yín. Mo ti rí i pé mo gbọ́dọ̀ fi owó síbi tó yẹ kó wà, àmọ́ mo tún rí i pé nínú ohun tí Ẹni Tó Ti Kúrò sọ, kò sí ẹyọ kan tó nílò àṣẹ mínísítà. Ọ̀gá rẹ̀ lè sọ fún alábẹ̀wò pé kí wọ́n jọ lọ sí ọ́fíìsì. Ọ̀gá náà lè sọ pé ẹyọ àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ kan tó. Ọwọ́ tiwa ni ìwọ̀nyí wà.

Mo ti bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ẹ̀. A fẹ́ fòpin sí dída àkọsílẹ̀ kọ lẹ́ẹ̀mejì láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó ń bọ̀. A fẹ́ kí àwọn tó ń ti Mararaba, Suleja àti ibi jíjìn bọ̀ má ṣe ní kíláàsì ní àkókò àkọ́kọ́, kí àwa tí ilé wa wà nítòsí máa gba àkókò náà. Èyí tí n kò tíì mọ bí a ó ṣe ṣe ni ti olùkọ́ tó bá ṣàìsàn, nítorí pé bí ẹnì kan kò bá wá, àwọn tó wà nílẹ̀ náà ni yóò gbé kíláàsì rẹ̀ mọ́ tiwọn, èyí ló sì jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa fi àìsàn wá ṣiṣẹ́. Ta ló ti rí ọ̀nà sí i?

Agbani-nímọ̀ràn, Gwagwalada

Ní tiwa, a ya àkókò kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún olùkọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, a sì kọ orúkọ ẹni tó máa dípò ta ni sára ìwé àkókò láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Ẹni tó bá gbé kíláàsì ẹlòmíràn, wọ́n á san án padà fún un nígbà tí ara onítọ̀hún bá yá. Ó wà lórí ìwé, kì í ṣe ojú rere ọ̀gá. Àwọn olùkọ́ wa tún ń fi owó kékeré pamọ́ sínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ibẹ̀ ni ẹni tí owó ilé bá há mọ́ lọ́wọ́ ti ń yá, kì í ṣe lọ́dọ̀ àwọn ayánilówó orí fóònù tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ dójú ti ènìyàn. Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ṣì wà pẹ̀lú wa. A pín kíláàsì rẹ̀ sí méjì ní sáà yìí, a sì fi agùnbánirọ̀ kan kún un.

Tíṣà Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Mararaba

Ọ̀nà tó dára ni, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ohun kan péré ni mo fẹ́ kún un. Bí ẹ bá ń ṣe ìwọ̀nyí, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹ̀ka NUT àti àjọ tó ń gbà wá síṣẹ́, kí wọ́n má baà sọ pé níwọ̀n ìgbà tí ilé-ìwé ti ń tọ́jú ara rẹ̀, ìjọba kò jẹ wá ní gbèsè mọ́.

Igbákejì Ọ̀gá, Bwari

A ó ṣe bẹ́ẹ̀, Ìyáàfin. Agbani-nímọ̀ràn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ya fọ́tò ìwé àkókò yín kí ẹ fi sí ibí yìí, kí n lè gbé e lọ sí ìpàdé àwọn olùkọ́ wa lọ́jọ́ Ajé.